Àyè Ẹnìkan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ń bójú tó ní Peckham, kò jìnnà sí Rye Lane, irú ilé ìwòsàn àdúgbò tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó júwe ọsibítù ńlá fún un. Bí ẹ bá ti wọlé, ògiri ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó kọ́kọ́ rí. Fọ́tò gbogbo wa ló wà níbẹ̀: àwọn dókítà lókè, àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn tó ń dáhùn tẹlifóònù. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Fún odindi ọdún méjì, férémù kan wà láàárín wọn tí kò sí ojú kankan nínú rẹ̀. Àwòrán orí àti èjìká aláwọ̀ eérú tí kọ̀ǹpútà máa ń fi dípò èèyàn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Máníjà.

Èmi ni máníjà náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo ń gbá láàárọ̀ kùtù, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lewisham. Lónìí, èmi ni mo ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi àwọn dókítà. Mi ò fi ń yangàn o. Ó dáa, mo fi ń yangàn díẹ̀.

Ohun tí kò yé àwọn èèyàn ni ìdí tí obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú tó báyìí, tó lè sọ fún dókítà pé kó lọ tún ìwé rẹ̀ kọ, kò fi lè dúró síwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan. Bàbá àgbàlagbà kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n wá kàwé nílùú yìí nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, wọ́n á dúró síwájú férémù yẹn, wọ́n á bèèrè pé ṣé a ò tíì rí máníjà náà ni. Èmi á wà lẹ́yìn gíláàsì, mà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Kì í ṣe pé mo burẹ́wà. Mo ní dígí nílé. Mo mọ bí ojú mi ṣe ń rí láàárọ̀ tí mo bá we ìborùn mi tán, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni. Tí kámẹ́rà bá fi tèmi hàn mí, ẹni tí mò ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹni inú dígí. Obìnrin kan ni tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń wò bí ẹni tó jókòó sórí àga alága, tó sì ń retí pé kí wọ́n wá lé òun dìde.

Nọ́ọ̀sì wa kan, ọmọ Èkìtì, tí mo fi ọdún mélòó kan jù lọ, ló kọ́kọ́ gbìyànjú lórí mi. Ó mú mi lọ síbi fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ yà mí tó ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Aunty, ẹ má bínú o," ó ní, "but ẹ dà bí ẹni tí police mú fún nǹkan tí kò ṣe, tó wá ń ronú pé àbí òun ṣe é ni."

Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níṣojú mi. Ó pa wọ́n rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo wá lọ ka ìmọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n máa gbé ojú mi wò nínú dígí lárààárọ̀, kí n rọ èjìká sílẹ̀, kí n sọ fún ara mi pé mo tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n wádìí apá ibi tí ojú mi ti dára jù, kí n máa yí i sí kámẹ́rà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní mò ń fọ ẹnu ni.

Lẹ́yìn èyí mo dá lọ sí ilé ìtajà ńlá tó wà ní Lewisham, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wà. Mo rò pé bí kò bá sí èèyàn tó ń wò mí, ara mi á balẹ̀. Mo fa kọ́tìnì, mo jókòó. Ẹ̀rọ náà ní kí n sún sáàárín. Mo sún. Ó tún ní kí n sún sáàárín. Mo sọ fún un pé àárín ni mo wà, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá irin jiyàn ní gbangba nìyẹn. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, kò sí etí ọ̀tún mi nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, mo sì gba ara mi gbọ́ títí mo fi délé.

Bóyá bẹ́ẹ̀ là bá ṣe máa bá a lọ, bí kì í bá ṣe ti lẹ́tà kan. Àwọn aláìsàn kan wà tó máa ń bá wa ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé pé máníjà tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun, ó jọ pé kò fẹ́ kí wọ́n rí òun bá sọ̀rọ̀. Dókítà àgbà wa, Òyìnbó oníwà pẹ̀lẹ́ kan, kà á sí mi létí. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ti pe ayàwòrán tó mọṣẹ́, kí n jọ̀wọ́ kí n jẹ́ kó yà mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń dá àwọn èèyàn yìí lóhùn, tí mò ń wá àyè fún wọn lọ́dọ̀ dókítà, tí mò ń bá ọsibítù jà nítorí wọn. Ká wá máa pè mí ní ẹni tó ń sá pamọ́! Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò lè sọ pé mi ò sá.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí a kì í gba aláìsàn, ni ayàwòrán náà dé. Obìnrin Òyìnbó kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún, Brockley ló ń gbé. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀. Ó ta aṣọ sára ògiri yàrá ìpàdé, ó gbé iná kalẹ̀, ó lẹ téèpù méjì mọ́lẹ̀ tí wọ́n dábùú ara wọn, ó ní ibẹ̀ ni kí oníkálùkù dúró sí. Dókítà àgbà wọlé, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó jáde. Nọ́ọ̀sì ọmọ Èkìtì wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ti wà lára ògiri. Ó ní òun ti rẹwà sí i láti ìgbà yẹn, kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò. Èmi ló kẹ́yìn. Mo we ìborùn aláwọ̀ aró, mo wọ kóòtù tí mo rà nítorí ọjọ́ náà, mo fi tìróò díẹ̀ sójú. Mo ti ṣe àdúrà kí n tó wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Mo dúró lórí téèpù. Ó ní kí n mí sínú, kí n mí síta, kí n ronú nípa ẹni tí mo fẹ́ràn. Ó yà mí. Ó wá ní kí n padà sáàárín. Mo wo ẹsẹ̀ mi: mo ti kúrò lórí téèpù, mo ti sún sọ́wọ́ ọ̀tún ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Mo padà. Ó tún yà mí, mo tún wolẹ̀, mo tún ti kúrò. Mi ò mọ ìgbà tí mò ń gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó tẹ́ gbogbo fọ́tò náà síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lé ní ogójì. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀gbẹ́ ni mo wà, apá òsì mi sì ṣófo. Ó wò mí, ó wá rọra bi mí bóyá ẹnìkan fẹ́ wá bá mi dúró.

Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá. Mo fa àga kan, mo jókòó, mo sì sọ fún àjèjì yẹn ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mi láti ọdún mọ́kànlélógún. Mo ní ìbejì ni mí.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wa sí. Èkejì mi ló kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Yorùbá ní ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, òun ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n. Apá òsì mi ló máa ń rìn. Bí a bá sùn, òsì mi ló máa ń wà, bí a bá sì jókòó jẹun, òsì mi náà ni, tí ìgúnpá wa á máa kọlu ara wọn. Lọ́dún tí a pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì lọ. Nílé wa, wọn kì í pe ikú mọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì. Màmá mi sọ fún mi pé ó rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò ní padà.

Àwọn ìdílé mìíràn á gbẹ́ ère. Bàbá mi jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Wọ́n ní ère kankan ò ní wọ ilé àwọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, màmá mi wọ aṣọ ọdún fún mi, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan tó wà nítòsí gáréèjì. Ohun tí mo rántí níbẹ̀ kò pọ̀: bẹ́ǹṣì gígùn kan, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń tún kọ́là mi ṣe. Wọ́n yà mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n bọ́ sí apá kejì, wọ́n tún yà mí. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ọmọbìnrin méjì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Èmi ni àwọn méjèèjì. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì láyé ìgbà yẹn. Bí ìbejì bá ku ẹyọ kan, àwọn onífọ́tò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àlejò tó bá wọlé á wò ó, á ní àwọn ọmọ yìí mà dára o. Èmi á dúró níbẹ̀, ọmọ ọdún méje, mà á máa wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì, mà á máa wá èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí fọ́tò tí wọ́n yà mí tí kò ní àyè lápá òsì. Bí onífọ́tò bá wá sí ilé ìwé wa, màmá mi á wá, wọ́n á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ júwe fún un pé kó fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó mi, ọkọ mi wà lápá ọ̀tún, ìdajì ògiri ló sì wà lápá òsì. Nígbà tí ọkọ mi rí i, ó bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti gbà gbọ́ láti kékeré bó ṣe rí gan-an. Mo gbà pé ojú mi nìkan kò tó. Mo gbà pé màmá mi wò mí lọ́dún yẹn, wọ́n rí i pé ìdajì ni mí, wọ́n bá ní kí onífọ́tò fi ìdajì kejì kún un. Mi ò bínú sí wọn. Èmi náà bímọ, mo mọ ohun tí ọ̀fọ̀ ọmọ lè mú èèyàn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé ìdajì lòun, kò sí tìróò tàbí kóòtù tuntun tó lè sọ ọ́ di odindi. Àwọn oníìmọ̀ràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí n mọ apá tó dára jù lára mi. Lójú mi, apá tó dára jù ti lọ láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sẹ́yìn.

Ayàwòrán náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, mo sì dúpẹ́ fún un nínú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí téèpù rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ní òun ní yàrá kékeré kan tí òun fi ń ṣiṣẹ́ ní Brockley, kí n wá síbẹ̀ ní Sátidé, kò ní sí ẹni tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n mú ẹnìkan dání.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí màmá mi wá bá mi tọ́jú ọmọ. Àwọn ọmọ dàgbà tán, wọ́n kó jáde, màmá mi ò kó jáde. Wọ́n ti pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n mọ Peckham jù mí lọ: wọ́n mọ ẹni tí iṣu rẹ̀ kì í jẹrà ní Rye Lane, wọ́n mọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń dúró de àgbàlagbà, wọ́n sì ní ìjókòó kan ní mọ́ṣáláṣí tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dán an wò láti jókòó sí. Kò sí ohun tí èmi àti wọn kì í sọ, àfi ọ̀rọ̀ èkejì mi. Mo lérò pé mò ń dáàbò bò wọ́n ni.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, nígbà tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ tí mo fọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo mú táwẹ̀lì kan, mo ń bá wọn ká a. Mo sọ fún wọn pé mò ń lọ ya fọ́tò lọ́la nítorí ibi iṣẹ́, pé èmi nìkan ni, àti pé wọ́n fẹ́ kí n dúró sáàárín gan-an. Mo ní kí wọ́n fún mi láṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, obìnrin ọlọ́dún mẹ́tàléláàádọ́ta, bí ọmọ tó fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé lọ sí ọgbà ẹranko.

Màmá mi gbé aṣọ ọwọ́ wọn lé itan. "Kí ló dé tí o fi ń gbàṣẹ lọ́wọ́ mi?"

Mo ní nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún èkejì mi nínú fọ́tò. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mà á fi bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú wọn kì í ṣe ẹkún. Ìyàlẹ́nu ni.

"Èmi kọ́," wọ́n ní. "Ìwọ ni."

Ohun tí wọ́n wá sọ fún mi nìyí. Wọ́n ní kì í ṣe fọ́tò ìbejì làwọn gbé mi lọ yà lọ́jọ́ yẹn, ọkàn àwọn ò tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n ti sin ọmọ kan láìní àwòrán ojú rẹ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́, wọn ò sì lè sùn nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀. Fọ́tò èmi nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n gbé mi jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì. Bí onífọ́tò ṣe ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀ báyìí, mo sún lọ sí ìpẹ̀kun. Wọ́n gbé mi padà, mo tún sún. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Onífọ́tò wá bi mí kí ló dé. Mo ní èkejì mi rìnrìn àjò ni, bó bá dé kò ní ríbi jókòó.

"Onífọ́tò wò mí, èmi náà wò ó," màmá mi sọ. "Ó ní, 'Ìyá ìbejì, ṣé kí n bá wa dí àyè yìí?' Mo ní kó dí i. Kí ni ǹ bá ní kó ṣe? Èmi ni mo sọ fún ọ pé ó rìnrìn àjò. Bí mo bá fi agídí gbé ọ padà sáàárín, ṣé mi ò ti sọ fún ọ nìyẹn pé kò ní dé mọ́?"

Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà sókè ni mò ń sún. Wọ́n rò pé mo ṣì ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá dúró lẹ́yìn onífọ́tò ilé ìwé, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó má jágbe mọ́ mi.

Mo jókòó síbẹ̀, táwẹ̀lì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè ká a. Èmi ń fi àyè náà sílẹ̀ nítorí tiwọn, àwọn náà ń fi í sílẹ̀ nítorí tèmi. A jọ ń gbé inú ilé kan náà fún ọdún mẹ́rìnlá, a jọ ń jẹun, a jọ ń kírun, mò ń bá wọn dirun, wọ́n ń bá mi ká aṣọ, kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa ò bèèrè, a sì rìn jìnnà gan-an.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló wà nínú ẹkún náà. Odindi ọmọ kan ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò lọ́jọ́ yẹn, odindi ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ rí ojú rẹ̀, èmi ni ọmọ náà, mi ò sì mọ̀. Màmá mi ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n gba táwẹ̀lì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi nù mí lójú dáadáa, wọ́n wá ní kí n lọ tún un fọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí aago mélòó ni ti ọ̀la, torí àwọn máa bá mi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi fi ìborùn funfun wọn bo èjìká, a wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé wa gba Nunhead kọjá títí a fi dé Brockley. Lókè ilé búrẹ́dì kan ni yàrá ayàwòrán náà wà. A gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, màmá mi ń sinmi lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yin òórùn búrẹ́dì. Obìnrin náà gbé àga fún wọn lẹ́bàá fèrèsé. Ó fi tíì lọ̀ wọ́n, wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ná. Kò lẹ téèpù kankan mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn nawọ́ sí àárín yàrá.

Mo lọ síbẹ̀, mo dúró. Kò rọrùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fẹ́ gbéra, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára lọ́tẹ̀ yìí, bó ṣe ń gbéra. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá dúró gbọn-in síbẹ̀, ilẹ̀kùn ni mo tì mọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kan níta. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Òógùn bo ẹ̀yìn mi nínú kóòtù. Ayàwòrán náà sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ó dúró dè mí. Màmá mi ló sọ̀rọ̀ láti orí àga, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi máa ń jí mi fún ìrun àárọ̀ sọ ọ́.

"Ọlọ́run ti fún òun níbi tó máa dúró sí. Ìwọ náà, dúró síbi tìrẹ."

Mo dúró. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹlẹ̀. Ayàwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà mí, mi ò sì ka iye ìgbà. Mi ò rántí èjìká tí wọ́n ní kí n rọ̀ sílẹ̀, mi ò rántí láti rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, màmá mi ní ìborùn mi ti fẹ́ bọ́, kí n fà á síwájú. Mo fà á, mo gbójú sókè wò wọ́n bóyá ó ti dáa, ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin náà yà á. Ó wò ó, ó ní a ti rí i.

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. Obìnrin kan wà níbẹ̀, àárín ló dúró sí gan-an. Ìlà àgbà ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, irun funfun méjì yọ lábẹ́ ìborùn, ojú rẹ̀ sì là. Kò jọ ẹni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ó jọ ẹni tí o lè bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá hùwà tí kò tọ́ sí ọ nílé ìwòsàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ síta ní Yorùbá, mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀, ojú ò sì tì mí.

Màmá mi mú awò ojú wọn jáde nínú báàgì, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n fa àga wọn sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú wọn fi fẹ́ kàn án. Mo bi wọ́n pé ṣé ó dáa.

"Ṣé o mọ̀ pé nínú gbogbo fọ́tò rẹ, ibi tó ṣófo ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ?" wọ́n ní. "Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, omi á ti bo ojú mi. Mi ò tíì wò ọ́ dáadáa nínú fọ́tò rí."

Ayàwòrán náà ò gbọ́ Yorùbá. Ó rò pé a ti wo ìyẹn tán, ó nawọ́ láti ṣí òmíràn fún wa. Màmá mi rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún un pé kó dúró ná, àwọn ò tíì wò ó tán.